Ilẹ̀kùn Ìṣẹ́jú Àáyá Mẹ́ta

Ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó jí mi láàárọ̀ yìí, tó sì fún mi ní ọwọ́ tí mo fi ń kọ̀wé. Mo dúpẹ́ fún èémí. Mo dúpẹ́ fún iná mànàmáná tí kò tíì lọ látàárọ̀. Mo dúpẹ́ fún bàbá mi tó wà láàyè nílùú Ọ̀yọ́, tí mo sì ń gbọ́ ohùn wọn. Ilé ẹ̀kọ́ ìjọ ni mo ti mọ ìwé kà, ibẹ̀ ni wọ́n sì ti kọ́ wa pé ẹni tó bá fẹ́ sọ ohun tó dùn ún, kó kọ́kọ́ dúpẹ́, kí ọ̀rọ̀ rẹ̀ má baà di ìráhùn. Nítorí pé ohun tí mo fẹ́ sọ yìí fara jọ ìráhùn, mo tètè dúpẹ́ ṣáájú.

Ògbómọ̀ṣọ́ ni mò ń gbé, nínú yàrá kan lórí petẹ́ẹ̀sì nítòsí Sábó. Áàpù ni mò ń ṣe. Bí wọ́n bá bi mí léèrè iṣẹ́ mi lọ́jà, mo máa ń sọ pé èmi ni mò ń ṣe àwọn nǹkan tí ẹ̀ ń fọwọ́ tẹ̀ lórí fóònù yín, wọ́n á sì bi mí bóyá mo lè bá wọn tún gíláàsì tó fọ́ ṣe. Iṣẹ́ tí kò lárìwo ni, kò sì ní ẹlẹgbẹ́. Ọjọ́ mìíràn wà tó jẹ́ pé ilẹ̀ á ti ṣú kí n tó gbọ́ ẹni tó pè mí lórúkọ. Ọjọ́ mìíràn wà tí n kò ní gbọ́ ọ rárá. Èmi nìkan ni ọmọ tó kù fún àwọn òbí mi, ìyá mi ti sùn nínú Olúwa, n kò sì tíì lọ́kọ. Bó ṣe rí ni mo kọ ọ́ yẹn.

Bàbá mi ni olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà ìjọ Aládùúrà wa ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́. Iṣẹ́ káfíńtà ni wọ́n fi jẹun, àwọn fúnra wọn ni wọ́n sì kan ilẹ̀kùn ìjọ náà, pákó tó nípọn, tí wọ́n fi ọ̀dà búlúù kùn, tí wọ́n sì fi ọ̀dà funfun kọ BỌ́ BÀTÀ RẸ sí lókè. Àwọn ìjọ kan wà tó jẹ́ pé láti ilé ni wọ́n ti ń rìn láìwọ bàtà. Tiwa kọ́. Ẹnu ọ̀nà ni àwa ti ń bọ́ ọ. Bí agogo bá ti dún lẹ́ẹ̀kẹta, bàbá mi á ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá pẹ́, ìta ni yóò dúró sí, bàtà lọ́wọ́, títí àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ yóò fi parí. Ìgbà yẹn ni wọ́n á tó ṣí i, wọ́n á yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á ní, “Ẹ wọlé, ẹ̀yin ẹni Olúwa.” Ohùn kan náà ni fún olówó àti aláìní. Bó tilẹ̀ jẹ́ ọmọdé kan ṣoṣo ló dúró síta, bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n á ṣe kí i wọlé.

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí wọ́n ti èmi náà mọ́ta. Àsìkò ọyẹ́ ni, ìsìn òwúrọ̀. Mo ti rìn dé ìdajì ọ̀nà kí n tó rántí pé n kò borí, mo bá sáré padà lọ mú ìborí mi. Nígbà tí mo máa dé, ilẹ̀kùn ti ń lọ. Mo rí ojú bàbá mi nínú àlàfo tó kù, wọ́n rí tèmi náà. Mo rò pé wọ́n á dúró. Wọn ò dúró. Mo gbọ́ ìró irin tí wọ́n fi há a.

Èmi nìkan ni mo pẹ́ lọ́jọ́ náà. Mo dúró lórí ilẹ̀ tí ìrì ti rin, mo gbé bàtà mi mọ́ àyà, mò ń gbọ́ àdúrà bí ẹni tó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ láti inú kànga. Òtútù kọ́ ló dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé wọ́n rí i pé èmi ni, wọ́n sì ti ilẹ̀kùn. Nígbà tí wọ́n ṣí i, wọn ò wojú mi. “Ẹ wọlé, ẹ̀yin ẹni Olúwa.” Mo wọlé. A ò sọ̀rọ̀ rẹ̀ nílé. Láti ọjọ́ náà ni mo ti gbà pé bí bàbá mi bá ti wà lẹ́nu iṣẹ́ wọn, wọn kì í rí mi mọ́.

Lọ́dún tó kọjá, bàbá mi ṣubú lórí àtẹ̀gùn ìjọ, egungun ìbàdí wọn sì fọ́. Ọlọ́run bá wa ṣe é, wọ́n ń rìn pẹ̀lú ọ̀pá, àmọ́ ọ̀nà tó wà láàárín ilé àti ìjọ ti di ìrìn àjò. Ọsibítù fún wọn ní bàtà onírọ́bà kan tó ní ìdè méjì lórí, wọ́n sì kìlọ̀ fún wọn pé kí wọ́n má ṣe rìn láìwọ̀ ọ́, kí wọ́n má baà yọ̀ ṣubú lẹ́ẹ̀kejì. Ìjọ fi ẹlòmíràn sẹ́nu ọ̀nà. Mo bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá máa bá mi gbé ní Ògbómọ̀ṣọ́.

“Kí ni n óò máa ṣọ́ níbẹ̀?” Ìdáhùn tí wọ́n fún mi nìyẹn.

Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, n kò rántí òwúrọ̀ kan tí bàbá mi kò sí láàárín àwọn èèyàn Ọlọ́run. Ní báyìí wọ́n jókòó sínú yàrá, wọ́n ń gbọ́ agogo ìjọ láti òkèèrè. Ohùn wọn lórí fóònù ń kéré sí i lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀. Mo wá rò ó pé bí wọn ò bá lè dé ilé àdúrà mọ́, èmi á gbé ilé àdúrà wá bá wọn. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ áàpù ìjọ wa nìyẹn. Láago mẹ́fà àárọ̀ la ó máa ṣí i, orin ìbẹ̀rẹ̀ á dún níbẹ̀, àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà Bíbélì kíkà, ìwàásù kékeré, àti oore-ọ̀fẹ́.

Nínú iṣẹ́ wa, bí èèyàn bá ṣí áàpù, àwòrán kan wà tó máa kọ́kọ́ yọ lójú fóònù. Á dúró díẹ̀, á sì lọ fúnra rẹ̀, ohun tó wà nínú á wá jáde. Lẹ́yìn àwòrán yẹn ni fóònù ti ń múra sílẹ̀, bí obìnrin tó ń gbálẹ̀ wàràwàrà kí àlejò tó wọlé. Bó bá jẹ́ ti ìmúrasílẹ̀ fóònù nìkan ni, ìṣẹ́jú àáyá kan ti tó. Èyí tó bá lé, ẹni tó ṣe áàpù ló yàn án. Nínú ọkàn mi, ẹnu ọ̀nà ni mò ń pe àwòrán náà.

Mo ya ilẹ̀kùn bàbá mi sí i. N kò wo fọ́tò kankan. Mo ya àwọ̀ búlúù rẹ̀, mo ya ibi tí ọ̀dà ti bó lápá ìsàlẹ̀, mo ya ìṣó kan tó ti wọ́ láti kékeré mi, mo sì kọ BỌ́ BÀTÀ RẸ sí i lókè. Ó gbà mí ní ọ̀sẹ̀ méjì. Nígbà tó kan iye tí yóò fi dúró, mo kọ ẹgbẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, nítorí pé bí fóònù ṣe ń ka àkókò ni pé ẹgbẹ̀rún kan ni ìṣẹ́jú àáyá kan. Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún nìyẹn.

Arábìnrin tó ń darí akọrin wa ní Ògbómọ̀ṣọ́, onídìrí ni, òun ló ń bá mi gba orin àti àdúrà sílẹ̀. Òun ni mo kọ́kọ́ fi hàn.

“Àǹtí, ilẹ̀kùn yín lẹ́wà,” ó ní, “àmọ́ ó ń falẹ̀ o. Kí n tó wọlé, irun tí mo dì á ti tú.”

“Ìṣẹ́jú àáyá márùn-ún péré ni.”

“Ẹ tẹjú mọ́ fóònù kí ẹ kà á dé márùn-ún, ẹ ó rí i bó ṣe gùn tó. Ṣé ẹnu ọ̀nà la fẹ́ máa gbé ni? A fẹ́ wọlé ni o.”

Mo rẹ́rìn-ín, mo sì sọ ọ́ di ẹgbẹ̀ẹ́dógún. Ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta. Mo dán an wò lórí fóònù mi léraléra, ó sì bá mi mu. Ojú ara mi ni mo fi wọ̀n ọ́n, ojú obìnrin ọlọ́dún márùndínlógójì tí nǹkan kan kò ṣe ìbàdí rẹ̀.

Mo gbé fóònù tuntun lọ fún bàbá mi ní Ọ̀yọ́. Mo tẹ̀ ẹ́, ilẹ̀kùn náà yọ. Wọ́n gbé e súnmọ́ ojú.

“Ilẹ̀kùn mi rèé.”

“Èmi ni mo yà á, Bàbá.”

“O ò gbàgbé ìṣó tó wọ́.” Wọ́n fẹ́ fi ìka kan ibi tí ìṣó náà wà, ilẹ̀kùn sì lọ kí ìka wọn tó dé ibẹ̀. “Ó ti lọ.”

“A ti wọlé ni, Bàbá. Orin ló kàn.”

Wọ́n ṣì ń wo ibi tí ilẹ̀kùn wà tẹ́lẹ̀. N kò fiyè sí i. Inú mi ti dùn kọjá pé kí n fiyè sí nǹkan kan. Mo padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, ní ìrọ̀lẹ́ ìrọ̀lẹ́ mo sì ń pè wọ́n.

“Bàbá, ṣé ẹ lọ sí àdúrà láàárọ̀?”

“Mo lọ.”

“Ṣé ẹ gbádùn rẹ̀?”

Wọ́n á dákẹ́ díẹ̀. “A dúpẹ́.”

Bó ṣe ń rí nìyẹn lójoojúmọ́, èmi sì gba “a dúpẹ́” yẹn bí ìdáhùn. Èmi tí mo ń dá gbé, tó yẹ kí n mọ irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn, n kò mọ̀ ọ́n.

Ní bí ọ̀sẹ̀ márùn-ún lẹ́yìn náà, aránṣọ kan tí yàrá rẹ̀ kọjú sí ti bàbá mi pè mí. Mùsùlùmí ni, obìnrin tó máa ń bá wọn pọn omi, tó sì máa ń gbé ògì gbígbóná fún wọn bó bá ti kírun àsùbáà tán.

“Ẹ má jẹ́ kí àyà yín já o, ẹ̀gbọ́n mi. Ọ̀rọ̀ bàbá ni.”

Àyà mi ti já. “Ṣé wọ́n ṣubú ni?”

“Wọn ò ṣubú, àmọ́ wọ́n ń wá a. Láràárọ̀ ni wọ́n ń bọ́ sí ìta, wọ́n á ṣí fìlà, wọ́n á gbé bàtà ọsibítù yẹn dání, ẹsẹ̀ lásán lórí sìmẹ́ǹtì tútù, wọ́n á sì kọjú sí ilẹ̀kùn ara wọn bí ẹni tí ìyàwó lé jáde. Ìyàwó ti lọ sí ọ̀run, ta ló wá lé wọn?”

“O ò bi wọ́n ni?”

“Mo bi wọ́n. Mo ní, ‘Bàbá, ẹ wọlé, òtútù ń mú.’ Wọ́n ní, ‘Wọn ò tíì ṣí i.’ Mo ní, ‘Ta ni?’ Wọ́n kàn ń wo ilẹ̀kùn. Nǹkan ń sọ̀rọ̀ nínú yàrá, àwọn wà níta. Wọn ò ní kúrò níbẹ̀ àfi tó bá dákẹ́.” Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀. “Ẹ̀gbọ́n, àwọn ará ilé ti ń sọ pé orí bàbá ti ń dàrú. Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀ o. Àmọ́ ẹ wá.”

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà mo wọ mọ́tò lọ sí Ọ̀yọ́. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń gbàdúrà, ohun méjì ni mo sì ń bẹ Ọlọ́run fún: kí bàbá mi má ṣubú mọ́, kí orí wọn sì pé. N kò mọ èyí tí ń bà mí lẹ́rù jù. Nígbà tí mo dé, wọ́n kí mi dáadáa, wọ́n béèrè iṣẹ́, wọ́n béèrè àwọn ará ìjọ, wọ́n rántí orúkọ gbogbo wọn. Orí tó ń dàrú kì í rí bẹ́ẹ̀. N kò bi wọ́n léèrè nǹkan kan. Mo tẹ́ ẹní sílẹ̀ nínú pálọ̀, mo sùn.

Ní kùtù òwúrọ̀, mo gbọ́ ìró ọ̀pá wọn. Mo dibọ́n bí ẹni tó ń sùn. Wọ́n ti wọ aṣọ funfun wọn, èyí tí wọ́n máa ń wọ̀ lọ sí ìjọ, wọ́n sì wọ bàtà ọsibítù. Wọ́n jókòó, wọ́n gbé fóònù sórí tábìlì, wọ́n fi ìka kan ṣoṣo tẹ̀ ẹ́. Ilẹ̀kùn búlúù yọ. Mo rí ètè wọn tó ń ka ohun tó wà lórí rẹ̀. Wọ́n gbé ọ̀pá tì, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ kan lórí ìbàdí, wọ́n ń wá ìdè bàtà.

Ọwọ́ wọn kò tíì kan ìdè àkọ́kọ́ tí orin fi bẹ̀rẹ̀.

Wọ́n dúró bí wọ́n ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ yẹn. Lẹ́yìn náà, wọ́n tú ìdè náà, wọ́n tú èkejì, wọ́n yọ bàtà kan, wọ́n yọ ìkejì. Mo ń kà á nínú ikùn mi. Láti ìgbà tí ilẹ̀kùn ti yọ títí ẹsẹ̀ kejì fi jáde, ogún ìṣẹ́jú àáyá ni. Wọ́n dìde. Wọ́n wo fóònù náà, bí mo ṣe mọ̀ wọ́n tí wọ́n ń wo agogo ìjọ láyé ìgbà tí wọ́n wà lẹ́nu iṣẹ́. Wọ́n mú bàtà, wọ́n mú ọ̀pá, wọ́n jáde, wọ́n sì rọra pa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn ara wọn.

Ó wá ku èmi àti àdúrà nínú pálọ̀. Bàbá mi wà níta.

Mo dìde jókòó lórí ẹní. N kò lè ṣe “àmín” kankan. Ohùn tó ń gbàdúrà ń dún ketekete, mo sì mọ bó ṣe ń dún létí ẹni tó wà lẹ́yìn pákó. Àdúrà ìbẹ̀rẹ̀ parí. Láìdúró rárá, bí mo ṣe tò ó, Bíbélì kíkà bẹ̀rẹ̀. Mo gbọ́ tí ọ̀pá bàbá mi kan ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan níta, bí ẹni tó ń múra láti wọlé. Wọ́n ń retí. Kò sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn fún wọn. Fún ọ̀sẹ̀ márùn-ún, láràárọ̀, wọ́n ti ń retí, kò sì sẹ́ni tó ṣílẹ̀kùn.

Mo lọ síbẹ̀, mo ṣí i. Wọ́n wà níbẹ̀ nínú aṣọ funfun, bàtà lọ́wọ́, ìka ẹsẹ̀ wọn ti funfun fún òtútù. Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu mi kí n tó rò ó.

“Ẹ wọlé, ẹ̀yin ẹni Olúwa.”

Wọ́n tẹ orí ba díẹ̀, wọ́n kọjá lára mi, wọ́n jókòó, wọ́n sì gbọ́ ìwàásù títí dé oore-ọ̀fẹ́. Ìgbà tó parí ni wọ́n tó jẹ́ kí n wọ bàtà fún wọn.

“Bàbá, kí ló dé tí ẹ ò bọ́ ọ sílẹ̀ kí ẹ tó tẹ fóònù?”

“Ẹnu ọ̀nà la ti ń bọ́ bàtà.”

“Ẹ lè padà ṣí i láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò sí ohun tó máa ṣe é.”

“Ṣé wọ́n á tún ìsìn bẹ̀rẹ̀ nítorí mi ni? Àwọn èèyàn ti wà nínú ilé.”

“Màá fi kún àkókò ilẹ̀kùn náà. Mo ti kà á. Ọ̀kẹ́ kan ló máa gbà yín, ogún ìṣẹ́jú àáyá.”

Wọ́n mi orí. “Má fi kún un. Mo ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó jù mí lọ, àwọn tí ẹsẹ̀ ń dùn, àwọn aboyún. Mo wá pẹ́ tán, kí wọ́n wá fà á gùn fún mi?” Wọ́n na ìka sí fóònù. “Títì kọ́ ló burú níbẹ̀. Ilẹ̀kùn tí o kàn ò lólùṣọ́. Ó ń tì, kò sẹ́ni tó ń ṣí i. Ẹni tó bá ti ilẹ̀kùn, òun náà ló yẹ kó dúró ṣí i.”

N kò mọ ibi tí ìgboyà ti wá. Mo kúnlẹ̀ níwájú wọn, ọwọ́ mi ṣì wà lára ìdè bàtà. “Bàbá, ṣé ẹ rántí ọjọ́ tí ẹ ti èmi náà mọ́ta?”

Wọ́n na ẹsẹ̀ kejì sí mi.

“Ọjọ́ ìborí,” wọ́n ní. “Pákó yẹn kò dé ilẹ̀ tán. Àlàfo wà nísàlẹ̀. Ìwọ nìkan lo wà níta, mo sì ń rí ẹsẹ̀ rẹ. Ò ń fi ọ̀kan lé orí èkejì nítorí òtútù. N ò gbọ́ àdúrà kankan lọ́jọ́ náà. Ẹsẹ̀ rẹ ni mò ń wò títí wọ́n fi ṣe ‘àmín’.”

Mo ti gbé ọjọ́ yẹn ká fún ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé kò sẹ́ni tó rí mi.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, a gba ohùn wọn sílẹ̀. Wọ́n kọ̀ láti jókòó. Wọ́n ní ẹni tó jókòó kì í ṣílẹ̀kùn. Wọ́n lọ dúró ní ẹnu ọ̀nà pálọ̀, tó jẹ́ pé àwọn náà ló kan ilẹ̀kùn rẹ̀, wọ́n sì ń ṣí i lóòótọ́ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀. Aránṣọ pa ẹ̀rọ rẹ̀ dúró, ó wá wò wá.

“Bàbá, ẹ rọra,” ó ní. “Ẹ ń ṣe bí ẹni tó fẹ́ da ewúrẹ́ wọlé.”

“Ìwọ tó ò wá sí ìjọ rí, o mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é?”

“Mo mọ bí wọ́n ṣe ń pe èèyàn wọlé, Bàbá. Bí ẹ bá pè mí báyìí, màá sá lọ ni.”

Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo gbọ́ ọ, ó ti pẹ́. Ẹ̀ẹ̀mẹ́fà ni a gbà á kí ó tó dára. Ìdè ilẹ̀kùn náà, irin tó so ó mọ́ ògiri, ké nínú rẹ̀, mo sì fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Kí n tó lọ, èmi àti wọn ṣe àdéhùn. Wọn ò ní dúró lórí ìdúró mọ́. Aga kan á wà níta lẹ́bàá ilẹ̀kùn, aránṣọ á tẹ́ ẹní pẹlẹbẹ láti inú yàrá dé ibẹ̀ kí ẹsẹ̀ wọn má tẹ sìmẹ́ǹtì, bí wọ́n bá sì pẹ́, ìjókòó ni wọ́n á fi pẹ́.

Nígbà tí mo dé Ògbómọ̀ṣọ́, n kò fọwọ́ kan ẹgbẹ̀ẹ́dógún ti ìbẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n lẹ́yìn àdúrà ìbẹ̀rẹ̀, mo dá ohun gbogbo dúró. Ilẹ̀kùn búlúù á tún yọ, ìdè ilẹ̀kùn á ké, ohùn bàbá mi á ní, “Ẹ wọlé, ẹ̀yin ẹni Olúwa,” ilẹ̀kùn á sì wà ní ṣíṣí fún ọ̀kẹ́ kan gbáko. Gbogbo ẹni tó wà nínú á dúró de àwọn tó wà níta.

Mo ti múra sílẹ̀ de onídìrí. Ó pè mí lówùúrọ̀ àkọ́kọ́.

“Àǹtí, ta ló ń sọ̀rọ̀ yẹn?”

“Olùṣọ́ ẹnu ọ̀nà ni. Mo mọ̀ pé ó gùn. Máa bínú lọ.”

“N ò bínú.” Mo gbọ́ tó gbé òòyà sílẹ̀. “Mo pẹ́ láàárọ̀ yìí ni, orin ti ń lọ kí n tó jókòó. Mo rò pé kò sẹ́ni tó mọ̀.”

Láti Ọ̀yọ́, aránṣọ náà pè. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ wá gbọ́ o! Bàbá ń pe ara wọn wọlé, wọ́n sì ń dá ara wọn lóhùn. Wọ́n ṣe ‘àmín’ kí wọ́n tó dìde. Ògì mi ò tiẹ̀ tutù mọ́, torí mo ti mọ ìgbà tí wọ́n máa wọlé.”

Bàbá mi kò yí padà lórí fóònù. Bí mo bá pè, “a dúpẹ́” náà ni, bóyá ọ̀rọ̀ méjì tàbí mẹ́ta lé e, wọ́n á sì ní kí n lọ sinmi. Yàrá mi ṣì dákẹ́ bó ṣe máa ń dákẹ́. Ọjọ́ tí n kò gbọ́ orúkọ mi ṣì wà. N kò lè purọ́ fún ẹni tó ń ka èyí pé ó ti tán.

Ṣùgbọ́n láago mẹ́fà àárọ̀, mo máa ń gbé fóònù sórí tábìlì, mo máa ń tẹ̀ ẹ́, mo sì ń mọ̀ọ́mọ̀ pẹ́. Mo máa ń bọ́ bàtà mi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí ìbàdí ń dùn, màá gbé e dání, màá jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, màá sì pa ilẹ̀kùn dé. Bàbá oníṣòwò kan tó wá láti òkè ọya ló gbé yàrá tó tẹ̀ lé tèmi. Ó ti rí mi níbẹ̀ lọ́pọ̀ àárọ̀ bó bá ń ti mọ́ṣáláṣí bọ̀. Lọ́jọ́ kan, àánú mi ṣe é.

“Màdáámù,” ó ní, “ṣé kọ́kọ́rọ́ yín ló sọnù?”

“Rárá o, Alájì. Ẹ ṣeun. Wọ́n máa tó ṣí i fún mi.”

Ó wo ilẹ̀kùn, ó wò mí, ó mọ̀ pé kò sẹ́ni tó wà nínú. “Ọlọ́run á ṣí i,” ó ní, ó sì wọlé tirẹ̀. Mo gbé ẹsẹ̀ kan lé orí èkejì. Nínú yàrá mi, wọ́n ṣe “àmín,” ìdè ilẹ̀kùn kan ní Ọ̀yọ́ ké, bàbá mi sì pè mí wọlé.

Ìwọ tí o kàwé yìí dé ìsàlẹ̀, níbikíbi tí o bá jókòó sí, pàápàá bó bá jẹ́ ìwọ nìkan: kí Ọlọ́run má ṣe jẹ́ kí wọ́n ti ilẹ̀kùn mọ́ ọ láìsí ẹni tó ń wo ẹsẹ̀ rẹ lábẹ́ pákó. Bí o bá pẹ́, kí wọ́n dúró dè ọ́. Bó bá sì jẹ́ pé ìwọ lo ti ilẹ̀kùn, kí Olúwa fún ọ ní ẹ̀mí gígùn tí wàá fi ṣí i. Àmín.